Ọkọ̀ Onítọ́bò Kékeré Lórí Òkè Èkìtì: Ohun Tí Ìrírí Kọ́ Mi Nípa Ìtọ́jú Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn ní Adó-Èkìtì nípa ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré tí ó sì ní tọ́bò ni pé ọkọ̀ ìyọnu ni. Bí ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀ bá béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ fún un ni pé kó sá fún un, kó lọ ra Corolla tàbí Camry kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Èmi ti ń wa ọ̀kan nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ́ńjìnnì 1.4 oníbẹntiróòlù tó ní tọ́bò, nítorí pé iṣẹ́ àbẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ tí mò ń ṣe ń gbé mi láti Adó lọ sí Ẹ̀fọ̀n, sí Ìkọ̀lé, sí Ọ̀mùò àti sí Ọ̀tùn, nínú òjò àti nínú ọyẹ́. Ohun tí mo rí yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹ́ńjìnnì yìí kì í ṣe aláìlera. Bí a ṣe ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò ni a ń fẹ́ tọ́jú òun náà, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó lè pa á, ọ́ìlì ni mo fi ṣe àkọ́kọ́, òun náà ni mo sì tún fi ṣe ìkejì.

Ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ tí tọ́bò ń ṣe ná. Èéfín tó ń jáde láti inú sílíńdà, tí ì bá gba sáílẹ́ńsà lọ lásán, ni wọ́n darí gba inú ilé irin kékeré kan tó ní abẹ̀bẹ̀. Èéfín náà á máa yí abẹ̀bẹ̀ yìí, abẹ̀bẹ̀ yìí sì wà lórí ọ̀pá kan náà pẹ̀lú èkejì rẹ̀ tó ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta, tó sì ń kì í mọ́ inú ẹ́ńjìnnì tipátipá. Bí afẹ́fẹ́ bá ti pọ̀ sí i nínú sílíńdà, epo tó lè jó pẹ̀lú rẹ̀ náà á pọ̀ sí i, agbára á sì pọ̀ sí i. Èrò yìí kì í ṣe tuntun. Alfred Büchi, ẹnjiníà ọmọ Switzerland, ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ láti ọdún 1905, ṣùgbọ́n ó di ọdún 1962 kí wọ́n tó gbé e sára ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ oníbẹntiróòlù fún títà ní Amẹ́ríkà, ìyẹn Oldsmobile Jetfire àti Chevrolet Corvair. Eré sísá ni wọ́n ń lé nígbà náà. Ní ayé òde òní, òfin tó de èéfín ọkọ̀ ní Yúróòpù ló mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ máa fi ẹ́ńjìnnì 1.0, 1.2 àti 1.4 rọ́pò 1.6, 1.8 àti 2.0, kí ọkọ̀ má baà jẹ epo púpọ̀ nígbà tó bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́, kí agbára sì wà níbẹ̀ nígbà tí a bá nílò rẹ̀.

Àwọn òkè tó wà láàárín Àrámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ni mo fi máa ń mọ bí ọkọ̀ ṣe lágbára tó. Corolla 1.8 tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ń mú agbára ìyípo tó tó nǹkan bí 170 Nm jáde, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yí tó ìgbà 4,000 láàárín ìṣẹ́jú kan kí agbára yẹn tó pé. Volkswagen 1.4 TSI, onítọ́bò tó ní agbára ẹṣin 122 (PS), ń mú 200 Nm jáde láti ìgbà 1,500. Lórí òkè, ìyàtọ̀ yìí hàn kedere: ọkọ̀ onítọ́bò kékeré kì í pariwo, á kàn máa gùn ún lọ ni, pẹ̀lú ènìyàn mẹ́rin nínú rẹ̀ àti iṣu tí wọ́n fún wa ní abúlé nínú búùtù. Adùn rẹ̀ nìyẹn, mo sì mọ rírì rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń ṣe iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ńlá ń gba ooru àti ìtẹ̀ tó pọ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sórí pístìnì kéékèèké, sórí gáskẹ́ẹ̀tì, sórí pọ́lọ́ọ̀gì, àti ju gbogbo wọn lọ, sórí ọ̀pá tọ́bò.

Ọ̀pá yẹn kéré púpọ̀, ó sì lè yí ju ìgbà 200,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Èéfín tó ń gbá apá kan rẹ̀ lè gbóná tó 950°C nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan, nígbà tí abẹ̀bẹ̀ tó wà ní apá kejì ń fa irú afẹ́fẹ́ tí àwa náà ń mí. Nínú ọ̀pọ̀ tọ́bò ọkọ̀ kékeré, kò sí béárìn oníbọ́ọ̀lù kankan tó gbé ọ̀pá yìí dúró. Orí ọ́ìlì tín-ín-rín ló léfòó sí, ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì ń tì wá láti inú páìpù kan tí ihò rẹ̀ kò tóbi. Bí ọ́ìlì náà bá pẹ́ kó tó dé, tàbí tó ti ṣàn jù bí omi, tàbí tó gbé ìdọ̀tí dání, irin á fara kan irin nínú eré tí mo sọ yẹn, kò sì ní pẹ́ rárá kó tó bàjẹ́.

Nígbà tí mo ra ọkọ̀ tèmi, ó ti rìn púpọ̀ ní òkè òkun, kò sì sí ìwé kankan tó fi hàn bí àwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀ ṣe ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Bàbá kan tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní ọ̀nà Ìyìn, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tutù tí kì í kánjú dáhùn, ló dábàá pé kí a tú páìpù tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí tọ́bò kí a tó dán ohunkóhun mìíràn wò. Ó tú u, ó nu ìta rẹ̀, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó wá pè mí: "Tíṣà, ẹ wá wo inú ihò yìí." Ìmọ́lẹ̀ tó gba inú rẹ̀ kọjá kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ọ́ìlì ti jóná mọ́ ara páìpù náà yíká bí ìrẹsì ṣe ń jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Bàbá fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gún un, èérún dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ sórí bébà tí ó tẹ́ sílẹ̀, ó le, ó sì ń dán. Nínú bóòtù tó so páìpù yìí mọ́ ẹ́ńjìnnì, asẹ́ kékeré kan wà tí kò tóbi ju èékánná ọwọ́ lọ. Ìdajì asẹ́ náà ti dí. Ẹ jẹ́ ká ro ó wò: ọkọ̀ náà ṣì ń rìn, kò sí iná ìkìlọ̀ kankan lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ ni òùngbẹ ọ́ìlì sì ń gbẹ tọ́bò rẹ̀. A kò kàn fi wáyà ha inú rẹ̀ kí a tún dá a padà. Páìpù tuntun ni a fi sí i, pẹ̀lú bóòtù tuntun, tọ́bò náà sì wà lórí ọkọ̀ yìí títí di òní.

Ohun tó ń fa irú èyí kò le láti lóye. Bí awakọ̀ bá sáré gun òkè, tó dé ibi tó ń lọ, tó pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọ́ìlì kò ní ṣàn mọ́, ṣùgbọ́n ooru irin tọ́bò ṣì wà níbẹ̀. Díẹ̀ tó kù lára ọ̀pá àti nínú páìpù á bẹ̀rẹ̀ sí í jóná. Ọ̀pọ̀ tọ́bò òde òní ni omi kúláǹtì ń tu lára pẹ̀lú ọ́ìlì, àwọn kan sì ní pọ́ǹpù kékeré oníná tó máa ń ṣiṣẹ́ lọ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti pa ọkọ̀. Mo ti gbọ́ kí rẹ́wáyà sọ pé pọ́ǹpù tàbí fáànù bẹ́ẹ̀ ń jẹ bátìrì, pé kí òun gé e. Ẹ má gbà fún un. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ní tèmi, bí mo bá ti ń sún mọ́ Ẹ̀fọ̀n lẹ́yìn òkè, mo máa ń dẹ ẹsẹ̀ lórí tọ̀tù, tí ó bá sì jẹ́ pé mo fẹ́ dúró lójijì, mo máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ lórí ìdúró fún bí ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí n tó pa á. Ní àárín Adó, láti Ajílòsùn sí Òkèṣà, tí ọkọ̀ ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́, kò sí ìdí fún irú ìdúró bẹ́ẹ̀.

Nípa iye kìlómítà tó yẹ kí a fi pààrọ̀ ọ́ìlì, ìwé tí wọ́n kọ fún àwọn ará Yúróòpù lè sọ pé 15,000 tàbí 30,000. Àwọn tó kọ ọ́ kò purọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó tẹ́jú, epo tó mọ́ àti afẹ́fẹ́ tí kò ní eruku ni wọ́n ní lọ́kàn, ìwé kan náà sì máa ń ní ojú ewé kan fún ẹni tó ń wakọ̀ nínú eruku, nínú ooru, tàbí ní ìrìn kúkúrú lóòrèkóòrè, níbi tí wọ́n ti dín iye náà kù púpọ̀. Ojú ewé yẹn ni tiwa. Kìlómítà 5,000 tàbí oṣù mẹ́fà, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé, ni mo fi ń pààrọ̀ tèmi, pẹ̀lú fílítà rẹ̀, mo sì gbàgbọ́ tọkàntọkàn pé kò sí owó mìíràn tí ènìyàn lè ná lórí ọkọ̀ onítọ́bò tó lérè ju èyí lọ.

Irú ọ́ìlì tún ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ọgbà mẹkáníìkì sọ fún mi nígbà kan pé, "Ọ̀gá, ilẹ̀ wa gbóná, 20W-50 tó ki ló bá a mu, ọ́ìlì tó ń ṣàn bí omi tí àwọn òyìnbó ń lò yẹn á kàn jó tán ni." Ó ní ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí ààyè inú rẹ̀ ti fẹ̀ lè fara mọ́ ọ́ìlì tó ki. Ṣùgbọ́n ooru ojú ọ̀run kọ́ ni ọ́ìlì ń bá pàdé nínú ẹ́ńjìnnì. Tẹ́mósítáàtì ló ń pinnu bí ẹ́ńjìnnì ṣe máa gbóná tó, yálà ọkọ̀ náà wà ní Jámánì tàbí ní Ìjerò, nómbà kejì tó wà lára ike ọ́ìlì sì jẹ́ ìwọ̀n bí ó ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná dé 100°C. Bí ìwé ọkọ̀ bá ní 5W-30, òun ni wọ́n fi wọn ààyè béárìn àti ihò páìpù tí mo ṣàpèjúwe lókè. Ọ́ìlì tó ki jù á pẹ́ dé ọ̀dọ̀ tọ́bò ní òwúrọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, àkókò yẹn gan-an ni ọ̀pá náà sì nílò rẹ̀ jù.

Lẹ́yìn náà ni kí a wo àmì API tó wà lẹ́yìn ike, ìyẹn ìwọ̀n dídára ọ́ìlì tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ epo rọ̀bì Amẹ́ríkà ń gbé jáde. Àwọn ẹ́ńjìnnì kékeré onítọ́bò tó ń fọ́n epo tààrà sínú sílíńdà ní àrùn kan tí àwọn ẹnjiníà ń pè ní LSPI. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹrù tó wà lórí rẹ̀ wúwo, ẹ̀kán ọ́ìlì tàbí èérún èédú inú sílíńdà lè gbiná kí pọ́lọ́ọ̀gì tó ṣáná, iná yẹn á wá pàdé pístìnì tó ṣì ń gòkè bọ̀. Ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí ènìyàn fi òòlù lu irin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó lè fọ́ pístìnì. Ìwádìí àwọn ẹnjiníà fi hàn pé irú èròjà ìfọ̀ tó wà nínú ọ́ìlì wà lára ohun tó ń fà á, pàápàá èyí tí calcium pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà ni wọ́n fi gbé ìwọ̀n API SN PLUS jáde ní ọdún 2018 àti API SP ní ọdún 2020. Ẹni tó ní ọkọ̀ onítọ́bò tó bá rí SL tàbí SM, tí í ṣe ìwọ̀n àtijọ́, lára ike, kó gbé e padà sórí àtẹ.

Ṣùgbọ́n ọ́ìlì nìkan kò lè gba ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ awakọ̀ tó ń fi gíà ńlá gun òkè. Èyí ni mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó bá bá mi wọkọ̀. Nítorí pé tọ́bò ń fúnni lágbára láti ìsàlẹ̀, ó rọrùn láti fi gíà karùn-ún sílẹ̀ lórí òkè, kí a tẹ tọ̀tù mọ́lẹ̀ pátápátá nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò yí ju 1,500 lọ. Ọkọ̀ á gùn ún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ipò tí LSPI ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Kí a já gíà wálẹ̀ sí ẹ̀kẹta, kí ẹ́ńjìnnì máa yí láàárín 2,500 sí 3,500. Ariwo á pọ̀ díẹ̀, epo náà lè pọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n pístìnì á wà ní àlàáfíà. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń fúnra rẹ̀ pààrọ̀ gíà lè gbé ọ̀pá rẹ̀ sí M tàbí S láti ìsàlẹ̀ òkè.

Ayédèrú ọ́ìlì wà, gbogbo wa la sì mọ̀. Mo máa ń ra tèmi fúnra mi lọ́wọ́ ẹni tí mo lè padà lọ bá, mo máa ń wo èdìdì rẹ̀ dáadáa, mo sì máa ń dúró ti mẹkáníìkì títí yóò fi dà á tán. Lẹ́yìn èyí, mo máa ń fi ọ̀bẹ la ike òfìfo náà kí n tó sọ ọ́ nù, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣà á lọ rọ ọ́ìlì àlòkù sínú rẹ̀ fún ọmọlàkejì. Ní àràárọ̀ ọjọ́ Ajé, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ́ńjìnnì tó jí, mo máa ń fa géèjì ọ́ìlì yọ. Ẹ́ńjìnnì onítọ́bò lè jẹ ọ́ìlì díẹ̀ láàárín sáfíìsì méjì láìsí pé ó bàjẹ́, ẹni tí kò bá sì ń wò ó kò ní mọ̀ títí iná pupa yóò fi tàn, tí iná yẹn bá sì ti tàn, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí.

Ti omi kúláǹtì, àṣà kan wà láàárín wa tí mo fẹ́ kó dópin. Bí ọkọ̀ bá ti gbóná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn kan máa ń ṣe ni pé wọ́n á yọ tẹ́mósítáàtì jù nù, wọ́n á sì so fáànù mọ́ iná tààrà kó máa yí láti àárọ̀ di alẹ́. Lójú ẹni tó ni ọkọ̀, ó dà bíi pé ìwòsàn ti dé. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná dé ibi tó yẹ á máa fi epo kún epo, nítorí kọ̀ǹpútà rẹ̀ rò pé òwúrọ̀ ni. Epo tí kò jó tán á máa ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ pístìnì lọ sínú ọ́ìlì, á sì sọ ọ́ di omi, bẹ́ẹ̀ a ti mọ ohun tí ọ́ìlì tó ti di omi ń ṣe fún ọ̀pá tọ́bò. Bí ọkọ̀ bá gbóná, ìdí kan wà fún un: pọ́ǹpù omi tó ń jò, ìdérí tí kò lè tẹ omi mọ́lẹ̀ mọ́, tàbí rídíétọ̀ tí ìpẹtà ti dí nítorí omi kànga tí wọ́n ń rọ sí i. Irin fúyẹ́ tí wọ́n ń pè ní aluminium pọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì òde òní, omi lásán sì máa ń jẹ ẹ́. Kúláǹtì tí ìwé ọkọ̀ dárúkọ, tí a lú pọ̀ mọ́ omi tí kò ní èròjà kankan, ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, eruku pupa ọ̀nà Ìkọ̀lé sí Ọ̀mùò máa ń bo fílítà afẹ́fẹ́ kíákíá. Nínú ọkọ̀ onítọ́bò, ohunkóhun tó bá gba ẹ̀gbẹ́ fílítà kọjá á lọ bá abẹ̀bẹ̀ tó ń yí ní eré ńláǹlà, á sì máa họ etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí ni mi ò fi gbà kí wọ́n gbé fílítà mi lọ sọ́dọ̀ fọganáísà kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ, torí bébà rẹ̀ máa ń ya níbi tí ojú kò lè rí. Mo máa ń fi tuntun sí i, mo sì máa ń fọwọ́ kan gbogbo kílíìpù hóòsì kí a tó dé bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀rọ̀ hóòsì mú mi rántí ìgbà tí ọkọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé lórí ìdúró. Iná check engine tàn, wọ́n fi skánà wò ó, ó sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Ìsọ̀ kan ní Adó sọ fún mi láìṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì pé tọ́bò ti kú, kí n lọ wá owó. Mo wakọ̀ lọ bá Bàbá ní ọ̀nà Ìyìn. Ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, ó tẹ́tí sílẹ̀ díẹ̀, ó sì fa géèjì ọ́ìlì yọ. Súfèé náà dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó dá a padà, súfèé tún bẹ̀rẹ̀. Awọ rọ́bà pẹlẹbẹ kan tó wà nínú ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, tó ń ṣàkóso èéfín inú ọ́ìlì, ló ti ya, tí afẹ́fẹ́ sì ń gba ojú rẹ̀ wọlé. Ìdérí yẹn nìkan ni a pààrọ̀. A kì í fi oníjà sílẹ̀ gbájú mọ́ alápepe: skánà ń sọ ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ rí, kì í sọ páàtì tó bàjẹ́. Bákan náà ni bí agbára ọkọ̀ bá dínkù lójijì lórí òkè. Kí a kọ́kọ́ wá hóòsì tó ya tàbí tó yọ láàárín tọ́bò àti intercooler tó ń tu afẹ́fẹ́ rẹ̀ lára, kí a sì wo apá irin kékeré tó ń ṣí ojú ọ̀nà èéfín lára tọ́bò bóyá ó ti há, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ tọ́bò tuntun.

Epo náà ní ìpín tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ yìí ń béèrè epo RON 95, ìyẹn nómbà tó ń sọ bí epo ṣe lè fara dà á tó láìgbiná fúnra rẹ̀, àwọn mìíràn fara mọ́ 91. Bí epo kò bá dára tó, ẹ́ńjìnnì á fa àkókò tí pọ́lọ́ọ̀gì ń ṣáná sẹ́yìn fúnra rẹ̀ kí epo má baà máa gbiná lódì nínú sílíńdà, agbára rẹ̀ á sì dínkù. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí epo tí methanol pọ̀ nínú rẹ̀ ju ìwọ̀n lọ wọ orílẹ̀-èdè yìí, gbogbo wa la rí bí epo burúkú ṣe lè da ọkọ̀ láàmú. Pọ́ǹpù tó ń ti epo pẹ̀lú agbára gíga nínú ọkọ̀ tó ń fọ́n epo tààrà sí sílíńdà kò lè fara da omi àti ìdọ̀tí, nítorí náà mi ò kì í ra epo inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá títì, àní nígbà ọ̀wọ́n pàápàá. Irú ẹ́ńjìnnì yìí tún ní ìṣòro mìíràn: nítorí pé epo kò gba orí fáàfù wọlé mọ́, kò sí ohun tó ń fọ fáàfù náà, èédú á sì máa lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn oògùn tí wọ́n ń dà sínú táǹkì lè fọ nózùlù, ṣùgbọ́n wọn kò lè dé orí fáàfù yẹn láé. Títú ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kí a fi ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ fọ̀ ọ́, ni ọ̀nà tó dájú.

Pọ́lọ́ọ̀gì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí a lo irú èyí tí ìwé dárúkọ, kí a má fẹ ojú rẹ̀, kí a má sì dúró kó kú tán. Bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n lórí òkè nìkan tí ara rẹ̀ sì balẹ̀ ní ilẹ̀ títẹ́jú, pọ́lọ́ọ̀gì àti kóòlù ni kí a kọ́kọ́ wò.

Ẹni tó bá fẹ́ ra irú ọkọ̀ yìí gbọ́dọ̀ béèrè ohun tó ń yí káàmù rẹ̀, ìyẹn ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, yálà ṣéènì ni tàbí bẹ̀líìtì, nítorí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló rí bákan náà. Volkswagen lo ṣéènì nínú 1.4 TSI àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pe irú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní EA111, ó sì yí padà sí bẹ̀líìtì nígbà tó ṣe irú tuntun, EA211, ní ọdún 2012. Ariwo ṣarara tó bá jáde fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ní òwúrọ̀ lára ti oníṣéènì jẹ́ ìkìlọ̀ pé ṣéènì ti ń fà. Àwọn Ford 1.0 EcoBoost àti Peugeot 1.2 PureTech tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní bẹ̀líìtì tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọ́ìlì fúnra rẹ̀. Ọ́ìlì tí kì í ṣe irú rẹ̀, tàbí ọ́ìlì tí epo ti dà pọ̀ mọ́, lè mú kí bẹ̀líìtì yẹn rọ̀ kó sì máa jẹrà, èérún rẹ̀ á lọ dí asẹ́ pọ́ǹpù ọ́ìlì, ọ́ìlì kò sì ní dé òkè mọ́. Ní ìparí ọdún 2023, Ford kéde ní Amẹ́ríkà pé kí àwọn tó ní EcoSport àti Focus kan tó ń lo ẹ́ńjìnnì 1.0 yìí gbé wọn wá nítorí bẹ̀líìtì tó ń yí pọ́ǹpù ọ́ìlì. Bí mo bá ń bá ènìyàn yẹ irú rẹ̀ wò, mo máa ń ṣí ojú ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, kí n fi tọ́ọ̀ṣì wo bẹ̀líìtì náà nínú àwọn tí ó ṣeé rí níbẹ̀. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti ń ya wẹ́wẹ́, tàbí tó ti wú, mo máa ń sọ pé kí wọ́n fi owó wọn sápò.

Bí ó bá wá di dandan pé kí a pààrọ̀ tọ́bò, ọ̀nà tí a gbà fi tuntun sí i ló máa ń pinnu bóyá yóò pẹ́. Mo mọ ẹni tó ra tọ́bò kejì láìpẹ́ rárá lẹ́yìn àkọ́kọ́, nítorí pé páìpù ọ́ìlì àtijọ́ ni wọ́n tún dá padà sára rẹ̀. Kí a pààrọ̀ páìpù tó ń gbé ọ́ìlì wá, kí a fọ èyí tó ń dá ọ́ìlì padà, kí a tú intercooler kí a da ọ́ìlì àti èérún irin inú rẹ̀ nù, kí a fi ọ́ìlì àti fílítà tuntun sí ẹ́ńjìnnì. Kí a tó so páìpù náà, kí a fi síríńjì rọ ọ́ìlì mímọ́ sínú ihò tọ́bò, kí a sì fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà, kí a yọ fíúsì pọ́ǹpù epo, kí a ta kọ́kọ́rọ́ díẹ̀díẹ̀, kí a máa sinmi láàárín, títí ìtẹ̀ ọ́ìlì yóò fi dé òkè láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnnì jí. Ìgbà náà ni kí a dá fíúsì padà, kí a jí i, kí a jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lórí ìdúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìtẹ tọ̀tù, kí ẹnì kan sì máa fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo ojú ìso bóyá ọ́ìlì ń jò.